Àyatẹ́lẹ̀ àti Àyalékè: Èdè Yorùbá àti Ètò Ìpele Àwòrán nínú Ẹ́ńjìnnì Eré Kọ̀ǹpútà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ẹ́ńjìnnì eré kọ̀ǹpútà ṣe ń pinnu àwòrán tí yóò bo òmíràn, ó sì yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá lè fi sọ ọ́ wò. A fi hàn pé iwájú àti ẹ̀yìn, tí wọ́n kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu, ń forí gbárí pẹ̀lú ṣáájú àti gbẹ̀yìn, nítorí pé àwòrán tí a bá yà ṣáájú ni yóò wà lẹ́yìn. A fi hàn pẹ̀lú pé ìforígbárí yìí kò mọ sí Yorùbá nìkan ní agbègbè wa. Lẹ́yìn èyí ni a fa ojútùú yọ láti inú ọ̀rọ̀ aṣọ wíwọ̀, níbi tí èdè Yorùbá ti ní àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti àwọ̀lékè, tí a sì dá àyatẹ́lẹ̀ àti àyalékè lábàá gẹ́gẹ́ bí èdè-ìperí. Ní ìparí, a dán àwọn ọ̀rọ̀ náà wò lára àmì tí àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fúnra wa ń tò sórí lẹ́tà.

1.0 Ìfáàrà

Ní ìlú Ouagadougou, nínú ilé ìdílé Yorùbá kan tí ó gbà mí lálejò, mo rí ohun tí ó bí iṣẹ́ yìí. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11 kan jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì tí a ń pè ní Godot ṣe eré kékeré kan, tí pápá, ọdẹ, igi àti ẹyẹ wà nínú rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ilé, Mooré ni ọmọ náà ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní àdúgbò, Faransé sì ni ti ilé-ìwé. Igi ti bo ọdẹ mọ́lẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, fìlà rẹ̀ nìkan ni ó yọ. Ẹ̀gbọ́n wí fún un pé, "Fi igi yẹn sẹ́yìn." Ọmọ náà fi ọwọ́ fa orúkọ igi láti ibi tí ó wà nínú àtòkọ, ó gbé e lọ sí ìparí pátápátá. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ni ó ń le sí i: ọdẹ kò yọ, igi sì tún bo ẹyẹ mọ́ ọn.

"Mo ní kí o fi sẹ́yìn!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn náà ni mo fi í sí. Òun ló gbẹ̀yìn báyìí."

Ẹ̀gbọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi Faransé parí ọ̀rọ̀ náà.

Bí a bá wò ó fínnífínní, kò sí ẹni tí ó ṣì í nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n lo ẹ̀yìn fún ààyè, àbúrò gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ìtòtẹ̀léra. Ìtumọ̀ méjèèjì tọ́ ní èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì eré, ọ̀nà wọn kò pọ̀: ọ̀kan ń lọ sí ìlà-oòrùn, èkejì ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni gbólóhùn Faransé tí ó parí ọ̀rọ̀ náà. A ti máa ń sọ pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kò wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni a kò tíì yàn dáadáa.

2.0 Bí ẹ́ńjìnnì eré ṣe ń to àwòrán

Ẹ́ńjìnnì eré ni àkójọ ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe iṣẹ́ tí gbogbo eré jọ nílò: yíyà àwòrán, gbígbé ohùn jáde, mímọ ìgbà tí ohun kan bá kan òmíràn. Godot, tí ó ti Argentina wá tí a sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2014, jẹ́ ọ̀kan. Unity jẹ́ òmíràn. Àwọn ilé iṣẹ́ eré ti wà ní ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú. Kiro'o Games ní Yaoundé gbé eré aláwòrán pẹlẹbẹ tí ó ń jẹ́ Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2016. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ kò lè yẹra fún ìbéèrè kan: bí àwòrán méjì bá pàdé lójú kan náà, èwo ni a ó rí?

2.1 Yíyà ní ìtẹ̀léra

Ìdáhùn tí ó rọrùn jù ni ti ayàwòrán tí ń fi ọ̀dà ya ògiri. A kọ́kọ́ kun sánmà, a ya òkè lé e, a ya igi lé òkè, a sì wá ya ènìyàn. Ọ̀dà tí ó kẹ́yìn ni ó bo èyí tí ó ti wà nílẹ̀. M. E. Newell, R. G. Newell àti T. L. Sancha ṣe àlàyé irú ọgbọ́n yìí fún kọ̀ǹpútà ní ọdún 1972. Nínú Godot, ìlànà yìí ni ó wà ní ìpìlẹ̀ eré aláwòrán pẹlẹbẹ. Àwọn ohun inú eré wà nínú àtòkọ tí ó ní òbí àti ọmọ. A ń ya òbí kí a tó ya ọmọ, a sì ń ya èyí tí ó wà lókè àtòkọ kí a tó ya èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ọmọ a máa bo òbí, àbúrò a sì máa bo ẹ̀gbọ́n.

Ọgbọ́n yìí ní ààlà. Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa ẹní híhun: koríko kìíní gba orí èkejì, èkejì gba orí ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta sì tún gba orí èkíní. Kò sí bí a ṣe lè to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí yíyà ní ìtẹ̀léra yóò fi bá a mu. Àfi kí a gé ọ̀kan nínú wọn sí méjì, ohun tí Newell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe nìyẹn. Ọ̀nà mìíràn ni èyí tí Edwin Catmull kọ sínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Utah ní ọdún 1974: kí kọ̀ǹpútà rántí, fún ẹyọ àmì ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀, bí ohun tí ó wà níbẹ̀ ti jìnnà sí ẹni tí ń wò tó. Bí ohun mìíràn bá dé tí ó sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò gba ààyè náà. Bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó fi í sílẹ̀. Eré tí àwòrán rẹ̀ ní jíjìn ń lo ọ̀nà yìí gan-an. Síbẹ̀, bí èéfín tàbí omi tí ojú ń gbà kọjá bá wà nínú rẹ̀, a ṣì ní láti to àwọn yẹn kí a tó yà wọ́n.

2.2 Nọ́ńbà ìpele

Bí eré bá ti ń gbòòrò, àtòkọ nìkan kò tó mọ́. Godot gbà wá láyè láti fún àwòrán ní nọ́ńbà, láti -4096 títí dé 4096. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù ni a ń yà kẹ́yìn, ibi yòówù tí ó lè wà nínú àtòkọ. Unity ń kó àwòrán sí ìpele tí ó lórúkọ, ó sì tún ń fi nọ́ńbà tò wọ́n nínú ìpele kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà kò ṣàlàyé ara rẹ̀, ó sì yẹ kí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ ṣàkíyèsí èyí. Nínú Unity, bí nọ́ńbà ìpele àwòrán bá ti ń pọ̀ sí i ni ó ń sún mọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí a bá fi kámẹ́rà sí ibi tí ó sábà máa ń wà nínú eré pẹlẹbẹ, bí nọ́ńbà jíjìn bá ti ń pọ̀ sí i ni ohun náà ń jìnnà. Nínú ètò ìyàwòrán bíi GIMP, ìpele tí ó wà lókè àtòkọ ni ó ń bo àwọn yòókù. Nínú Godot, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ àtòkọ ni. Ẹni tí ó ti lo ọ̀kan kí ó tó dé ìdí èkejì yóò ṣìnà bí kò bá ní ọ̀rọ̀ tí kò gbára lé ibi tí orúkọ wà lójú kọ̀ǹpútà.

2.3 Ìtò-ẹsẹ̀

Ọ̀nà kẹta ni ti eré tí a ń wo pápá rẹ̀ láti òkè díẹ̀. Bí ọdẹ bá ń rìn yí igi ká, nígbà mìíràn òun ni yóò bo igi, nígbà mìíràn igi ni yóò bò ó. A kò lè fún un ní nọ́ńbà kan ṣoṣo títí láé. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe ni pé ó ń wo ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ jù lójú kọ̀ǹpútà ni ó sún mọ́ wa jù, òun ni a ó yà kẹ́yìn. Bí a bá fi àárín ara tàbí orí díwọ̀n dípò ẹsẹ̀, igi gíga àti ènìyàn kúkurú yóò máa bo ara wọn níbi tí kò yẹ. A ó pe èyí ní ìtò-ẹsẹ̀.

3.0 Ìṣòro iwájú àti ẹ̀yìn

3.1 Ní èdè Yorùbá

Bí a bá fẹ́ kí ọdẹ bo igi, a lè ṣàpèjúwe àwòrán náà báyìí:

(1) a. Ọdẹ wà níwájú igi.
    b. Igi wà lẹ́yìn ọdẹ.

Bí a bá sì ń sọ bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe yà á, a ó sọ pé:

(2) a. Igi ni yóò ṣáájú.
    b. Ọdẹ ni yóò gbẹ̀yìn.

(1) àti (2) jẹ́ òtítọ́ nígbà kan náà. Ṣùgbọ́n iwájú ni ó wà nínú ṣáájú, tí àwọn mìíràn ń pè ní ṣíwájú. Ẹ̀yìn náà ni ó wà nínú gbẹ̀yìn àti kẹ́yìn. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, ohun tí ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ yóò gbọ́ ni:

(3) Èyí tí ó ṣáájú ni ó wà lẹ́yìn. Èyí tí ó gbẹ̀yìn ni ó wà níwájú.

Ó dún bí àlọ́ àpamọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé àwòrán méjì nípa ayé ni ó pàdé nínú gbólóhùn kan. Ti àkọ́kọ́ ni ti àwọn tí ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lójú ọ̀nà: ẹni tí ó wà níwájú ni yóò kọ́kọ́ dé. Láti inú èyí ni iwájú ti di ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó kọ́kọ́ wáyé, tí ẹ̀yìn sì di ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó tẹ̀lé e. Ti èkejì ni ti ohun tí a ń tò léra, bí ẹní tàbí abọ́. Níbẹ̀, èyí tí a gbé kalẹ̀ kẹ́yìn ni ó wà lókè tí ojú sì ń kàn. Ẹ́ńjìnnì eré ń to nǹkan léra, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tí ń rìn lọ́nà ni a fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn fúnra wọn kò dúró sójú kan nínú ọ̀rọ̀ àkókò. Ọjọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀la ń tọ́ka sí àkókò tí kò tíì dé, méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ní irú ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ báyìí wúlò gidigidi nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, níbi tí ipò ọ̀rọ̀ ń yanjú rẹ̀. Nínú èdè-ìperí, níbi tí àṣẹ kan gbọ́dọ̀ já sí iṣẹ́ kan ṣoṣo, ewu ni.

3.2 Ní àwọn èdè aládùúgbò

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Bernd Heine ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn èdè Áfíríkà pé ẹ̀yà ara jẹ́ orísun pàtàkì fún ọ̀rọ̀ ààyè, àti pé láti inú ọ̀rọ̀ ààyè ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àkókò ti ń wá. Ní Mooré, èdè tí a ń gbọ́ jù lọ ní ìgboro Ouagadougou, taoore ni iwájú, ó sì tún ń sọ ohun tí ó ṣáájú. Poorẽ ni ẹ̀yìn, ó sì tún jẹ́ 'lẹ́yìn èyí' ní ti àkókò. Ní Ewe, megbe ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì bákan náà. Ní Hausa, bayan jẹ́ ẹ̀yìn igi, ó sì jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Bí a bá túmọ̀ gbólóhùn (3) sí èyíkéyìí nínú àwọn èdè wọ̀nyí, àlọ́ náà ni yóò tún jẹ́.

Hausa tún fi ìṣòro mìíràn kún un. Clifford Hill, nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1982, ṣàkíyèsí pé ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ elédè Hausa ń gbà fún ohun tí kò ní ojú ní iwájú yàtọ̀ sí ti elédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí igi bá wà láàárín ẹni tí ń wò àti bọ́ọ̀lù kan tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, elédè Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ pé bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn igi. Elédè Hausa lè sọ pé ó wà ní gaban igi, ìyẹn iwájú rẹ̀, bí ẹni pé igi náà kọjú sí ibi tí ẹni tí ń wò kọjú sí, tí gbogbo wọn jọ ń rìn lọ. Nítorí náà, bí olùkọ́ méjì láti èdè méjì bá jókòó láti ṣe ìwé ìkọ́ni kan náà, tí wọ́n sì fẹnu kò pé 'iwájú' ni kí àwọn lò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan náà pàṣẹ ohun méjì tí ó lòdì síra.

3.3 Orí, abẹ́ àti bíbò

Ẹnìkan lè sọ pé kí a fi iwájú àti ẹ̀yìn sílẹ̀, kí a lo orí àti abẹ́. Èyí sàn díẹ̀, nítorí pé ti ohun tí a tò léra ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà náà ní òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ wo (4):

(4) Ẹyẹ wà lórí igi.

Ṣé ẹyẹ náà bà sí téńté igi ni, tàbí àwòrán rẹ̀ ni ó bo ara igi? Ohun tí a kọ́kọ́ ń gbọ́ nínú gbólóhùn yìí ni ti ẹyẹ tí ó bà, bẹ́ẹ̀ ìyẹn kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń béèrè. Ọ̀rọ̀-ìṣe bò kò ní ìṣòro yìí: ọdẹ bo igi. Ṣùgbọ́n àbájáde nìkan ni bò ń sọ, kò sọ ohun tí a ó ṣe kí àbájáde náà lè wáyé. Ohun tí a ń wá ni ọ̀rọ̀ tí yóò so ìtòtẹ̀léra yíyà pọ̀ mọ́ ipò tí àwòrán wà, tí àwọn méjèèjì yóò sì kọjú sí ọ̀nà kan náà.

4.0 Ohun tí aṣọ fi kọ́ wa

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà. Kò sí ẹni tí ń wọ agbádá kí ó tó wọ bùbá. Aṣọ tí a bá wọ̀ ṣáájú ni yóò wà nínú, èyí tí a bá wọ̀ kẹ́yìn ni ayé yóò rí. Gẹ́lẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ya àwòrán ni a ṣe ń wọṣọ. Ohun tí Yorùbá ń pe àwọn aṣọ wọ̀nyí ni:

(5) a. à + wọ̀ + tẹ́lẹ̀ → àwọ̀tẹ́lẹ̀
    b. à + wọ̀ + lékè → àwọ̀lékè

Ẹ jẹ́ kí a tú wọn wò. Tẹ́lẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì. Nínú àsọtẹ́lẹ̀, ti àkókò nìkan ni: ohun tí a sọ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Nínú ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti àkókò náà ni. Ṣùgbọ́n ó jọ pé tẹ́ àti ilẹ̀ ni ó para pọ̀ di ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni tẹ́ ẹní sílẹ̀ kí ó tó gbé nǹkan mìíràn lé e. Ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ ni ó ṣáájú, òun náà ni ó wà lábẹ́. Nínú àwọ̀tẹ́lẹ̀, ìtumọ̀ méjèèjì dúró pọ̀: aṣọ tí a wọ̀ ṣáájú, tí ó sì wà lábẹ́. Lékè, tí a lè tú sí lé òkè, ni ìkejì rẹ̀: ohun tí a gbé lé òmíràn, tí ó sì borí.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín tẹ́lẹ̀/lékè àti iwájú/ẹ̀yìn ti hàn báyìí. Àwọn méjèèjì ni ó so àkókò mọ́ ààyè. Ṣùgbọ́n iwájú/ẹ̀yìn so wọ́n ní ọ̀nà àwọn tí ń tò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀/lékè so wọ́n ní ọ̀nà ohun tí a tò léra, ọ̀nà yìí ni ó sì bá ẹ́ńjìnnì mu. Bí ọmọ bá gbọ́ tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí 'ṣáájú', ó tọ́. Bí ó bá gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí 'nísàlẹ̀ òmíràn', ó tún tọ́. Kò sí bí ó ṣe gbọ́ ọ tí iṣẹ́ yóò fi bàjẹ́.

Lórí àwòṣe (5), pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe ya, a dá àwọn wọ̀nyí lábàá:

(6) a. à + ya + tẹ́lẹ̀ → àyatẹ́lẹ̀: àwòrán tí a yà ṣáájú, tí òmíràn lè bò.
    b. à + ya + lékè → àyalékè: àwòrán tí a yà kẹ́yìn, tí ó lè bo òmíràn.
    d. ìpele: ọ̀wọ́ àwòrán tí a jọ ń tò pọ̀.
    e. ètò ìpele: ìlànà tí ń sọ èyí tí yóò lékè èwo.
    ẹ. nọ́ńbà ìpele: nọ́ńbà tí a fi ń pa ètò náà láṣẹ.
    f. ìtò-ẹsẹ̀: títo àwòrán nípa ibi tí ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Nínú gbólóhùn àṣẹ, a lè tú wọn sí ọ̀rọ̀-ìṣe:

(7) a. Ya igi tẹ́lẹ̀.
    b. Ya ọdẹ lé e.
    d. Jẹ́ kí ọdẹ lékè igi.

(7d) ṣe pàtàkì, nítorí pé lékè lè gba àbọ̀. Ó ń jẹ́ kí a sọ ipò àwòrán kan sí òmíràn láìjẹ́ pé ọ̀kan wà ní ìpìlẹ̀ pátápátá tàbí ní téńté pátápátá. Igi lè jẹ́ àyalékè sí pápá, kí ó sì jẹ́ àyatẹ́lẹ̀ sí ọdẹ.

Ẹnìkan lè ṣàtakò pé àwọ̀tẹ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ òde òní ti di ti aṣọ abẹ́ nìkan, àti pé àwọn ọmọ yóò rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ya ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ tiwa, kì í ṣe wọ̀. Bí ẹ̀rín bá sì mú kí ọmọ rántí ìpele tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yà, kò sí àdánù níbẹ̀. Àtakò tí ó wúwo jù ni pé àyatẹ́lẹ̀ kò bá ọ̀nà Catmull mu, níbi tí ìtòtẹ̀léra yíyà kò ti pinnu ohun tí a ó rí. Òtítọ́ ni. Níbẹ̀, ó sàn kí a sọ pé ohun kan sún mọ́ kámẹ́rà tàbí ó jìnnà sí i. A kò gbọdọ̀ na ọ̀rọ̀ kan kọjá ibi tí ó ti ń sọ òtítọ́.

Ìlànà tí a tẹ̀lé kì í ṣe tuntun. Àwọn tí wọ́n ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì, ti lo ìṣẹ̀dá láti inú mọ́fíìmù tí ó wà nílẹ̀ àti ìfẹ̀ ìtumọ̀ lójú kí wọ́n tó lọ yá ọ̀rọ̀. Ohun tí a fi kún un ni pé kí a yẹ ọgbọ́n tí ó wà nínú mọ́fíìmù náà wò, kí a rí i pé ó kọjú sí ibi tí ìmọ̀ tuntun náà kọjú sí.

5.0 Àmì lórí lẹ́tà

Ó lè dà bí ẹni pé eré ọmọdé ni gbogbo èyí, kò kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni àwa náà ń to àwòrán léra. Nínú ẹ́, àmì kan wà lábẹ́ e, òmíràn wà lókè rẹ̀. Unicode gbà kí a pa á mọ́ sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà mẹ́ta: e pẹ̀lú àmì abẹ́ (U+0323) àti àmì ohùn òkè (U+0301), tàbí ẹ tí ó ti wà pọ̀ (U+1EB9) pẹ̀lú àmì ohùn, tàbí é tí ó ti wà pọ̀ (U+00E9) pẹ̀lú àmì abẹ́. Unicode ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ohun kan náà. Ìdí ni pé ó fi àmì abẹ́ sí ọ̀wọ́ 220, ó fi àmì ohùn sí ọ̀wọ́ 230. Àwọn méjèèjì kò lè pàdé, nítorí náà èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀ kò yí ohunkóhun padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán méjì tí kò kan ara wọn nínú eré: ìtòtẹ̀léra wọn kò hàn. Ètò ìpele ní ìtumọ̀ níbi tí nǹkan méjì bá ń du ààyè kan náà.

Ẹ wá wo Mooré, tí ó ń fi ã, ẽ, ĩ, õ àti ũ kọ fáwẹ̀lì àránmúpè. Bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bá fẹ́ fi ohùn òkè kún ã, òkè ni àmì méjèèjì wà, ọ̀wọ́ 230 ni méjèèjì. Ìtòtẹ̀léra wá di ọ̀ràn. Èyí tí a bá kọ́kọ́ tẹ̀ ni yóò sún mọ́ lẹ́tà, èkejì yóò gun orí rẹ̀. Ã́ tí àmì àránmúpè ṣáájú nínú rẹ̀ àti Á̃ tí àmì ohùn ṣáájú nínú rẹ̀ jẹ́ ohun méjì lójú Unicode. Kò sí ìṣètò kan tí yóò sọ wọ́n di ọ̀kan. Ó tún wá rí bẹ́ẹ̀ pé ṍ (U+1E4D) àti ṹ (U+1E79) ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò sí fún a, e àti i. Bí ẹni méjì bá gba ọ̀rọ̀ Mooré sílẹ̀, tí ọ̀kan tẹ ohùn ṣáájú, tí èkejì tẹ àránmúpè ṣáájú, ọ̀rọ̀ kan náà yóò di méjì nínú àkójọ wọn. Ẹni tí ó bá wá a yóò rí ìdajì, yóò sì rò pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá ṣe é sọ láìsí ìdíwọ́: àránmúpè ni àkọtẹ́lẹ̀, ohùn ni àkọlékè. Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí álífábẹ́ẹ̀tì ọdún 1975 fún ní ɛ àti ɔ, kò ní àmì abẹ́ lára fáwẹ̀lì wọ̀nyí rárá. Ìpele rẹ̀ dín kan sí ti Nàìjíríà.

Ẹ́ńjìnnì eré náà ti bá wa dé ibí yìí. Kí Godot 4.0 tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ẹ́ńjìnnì náà kò ní ètò tí ń gbé àmì sí àyè rẹ̀ lórí lẹ́tà bí èdè bá ṣe fẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lo HarfBuzz, tí ń ka ohun tí ẹni tí ó ya fọ́ńtì kọ sínú rẹ̀ nípa ibi tí àmì yóò jókòó sí lórí lẹ́tà, àti ibi tí àmì yóò jókòó sí lórí àmì. Eré tí ọ̀rọ̀ Yorùbá tàbí Mooré wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àmì kíkún ti wá ṣeé ṣe, bí fọ́ńtì bá ní ìtọ́ni náà nínú, tí ẹni tí ó tẹ ọ̀rọ̀ náà sì mọ èyí tí yóò ṣe àkọtẹ́lẹ̀.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ètò ìpele àwòrán dá lórí ìlànà kan: ohun tí a yà ṣáájú ni ohun tí a yà kẹ́yìn ń bò. A ti rí i pé iwájú àti ẹ̀yìn kò lè gbé ìlànà yìí láìṣi ọmọ lọ́nà, ní Yorùbá àti ní àwọn èdè aládùúgbò tí a mẹ́nu bà. A sì ti rí i pé aṣọ wíwọ̀ ti fún Yorùbá ní mọ́fíìmù méjì tí ó gbé e láìfì síbì kan. A ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ń ṣiṣẹ́ lórí Mooré, Hausa, Ewe àti àwọn èdè mìíràn ní agbègbè wa pé kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ aṣọ, ẹní àti ìkòkò títò wò nínú èdè tiwọn kí wọ́n tó lọ sí ọ̀rọ̀ ojú àti ẹ̀yìn. Kí wọ́n sì jọ fẹnu kò lórí ìtòtẹ̀léra àmì kí àkójọ ọ̀rọ̀ wa tó pọ̀ jù bí ó ṣe wà lọ.

Ọmọ tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbé igi lọ sí ìparí àtòkọ. Ká ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ pé, "Ya igi yẹn tẹ́lẹ̀, jẹ́ kí ọdẹ lékè rẹ̀," ìbá gbé e lọ sókè àtòkọ, ọdẹ ìbá yọ, wọn kì bá sì nílò Faransé lọ́jọ́ náà.